Báwo Lẹ Ṣe Fẹ́ra? Ìbéèrè Tó Gbọ́dọ̀ Ṣáájú Ìkọ̀sílẹ̀

Obìnrin kan wá bá mi ní ọ́fíìsì, lágbègbè Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, pẹ̀lú ìwé kan tó fi ọ̀rá wé dáadáa. Ó ní kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò, torí ọkùnrin tí òun fẹ́ fẹ́ báyìí sọ pé àfi kí òun mú ẹ̀rí wá pé òun ti kọ ọkọ àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ìdájọ́ kóòtù ìbílẹ̀ ni ìwé náà. Wọ́n buwọ́ lù ú, wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ọdún kẹsàn-án sì rèé tí wọ́n ti fún un. Mo wá bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe fẹ́ra nígbà yẹn?" Ó ní, "Àǹtí Lọ́yà, a ṣe ìdána nílé bàbá mi ní Òkè-Àró. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e la lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwa àti ẹlẹ́rìí méjì buwọ́ lùwé, wọ́n sì fún wa ní sàtífíkéètì tó wá láti rẹ́jísírì."

Àyà mi já nígbà tó dárúkọ rẹ́jísírì. Ìgbéyàwó tí wọ́n bá ṣe lábẹ́ Òfin Ìgbéyàwó ìjọba àpapọ̀, kóòtù ìbílẹ̀ kò lágbára kankan lórí rẹ̀. Ìwé tó ti ń tọ́jú láti ọdún mẹ́sàn-án yẹn kò tú nǹkan kan ká. Lójú òfin, ìyàwó ọkọ àkọ́kọ́ ló ṣì jẹ́. Bó bá sì lọ buwọ́ lùwé rẹ́jísírì pẹ̀lú ọkùnrin kejì, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ló dá yẹn. Abala 370 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò níhà gúúsù Nàìjíríà sọ pé ó lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún méje jura.

Obìnrin yìí kò ṣe ohun tó burú. Ẹnu ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀ ni wọ́n júwe fún un, ó sì fi òótọ́ inú wọlé. Torí tirẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí, àti torí àwọn èèyàn bíi tirẹ̀ ní Àkúrẹ́, ní Oǹdó, ní Ọ̀wọ̀ àti ní Ìdànrè. Kóòtù tí ẹ máa lọ, ohun tí ẹ máa fi hàn níbẹ̀, ìgbà tí ẹ tó lè fẹ́ ẹlòmíràn, inú ìbéèrè tí mo bi í yẹn ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni òfin ilẹ̀ wa mọ̀ tí ọkùnrin àti obìnrin fi ń di tọkọtaya. Àkọ́kọ́ ni ti ìbílẹ̀: ẹbí ọkọ wá tọrọ, ẹbí ìyàwó gbà, wọ́n gba owó orí, wọ́n sì fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́. Èkejì ni yìgì síso láàárín àwọn Mùsùlùmí. Ẹ̀kẹta ni ti Òfin Ìgbéyàwó, èyí tó ti wà láti 1914, tí wọ́n ń ṣe ní rẹ́jísírì tàbí ní ilé ìjọsìn tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ. Ìdána nìkan tàbí yìgì nìkan, kóòtù ìbílẹ̀ ló lè tú u. Ti òfin, Ilé-Ẹjọ́ Gíga nìkan ni.

Ibi tó ti ń dàrú ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa kì í gba ọ̀nà kan ṣoṣo. Lọ́jọ́bọ̀, alága ìdúró àti alága ìjókòó á máa dárin, ìyàwó á dé fìlà fún ọkọ. Tó bá di Sátidé, ẹ ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tí ẹ bá ti buwọ́ lu ti òfin lé ti ìbílẹ̀ lórí, ti òfin ló borí, Ilé-Ẹjọ́ Gíga sì ni ọ̀nà yín. Ẹ má fi aṣọ funfun àti kéèkì ṣe òdiwọ̀n o, ìwé ni kí ẹ wò. Kí ìgbéyàwó tó di ti òfin, ẹ ní láti kọ́kọ́ fi tó rẹ́jísírì létí. Wọ́n á lẹ orúkọ yín síta fún ọjọ́ 21 kí ẹni tó bá ní àtakò lè sọ tẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fún yín ní ìwé, ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣe ìgbéyàwó náà kí oṣù mẹ́ta tó pé láti ọjọ́ tí ẹ fi orúkọ sílẹ̀. Bí àlùfáà bá kàn súre fún yín láìsí ìwé rẹ́jísírì, àdúrà ló ṣe fún yín, ìdána tí ẹ ṣe nílé ló ṣì jẹ́ ìgbéyàwó yín. Sàtífíkéètì tí ṣọ́ọ̀ṣì tẹ̀ fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó wá láti rẹ́jísírì. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ fi han lọ́yà kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan ní kóòtù.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń gbé pọ̀, tí wọ́n ti bímọ mẹ́ta, àmọ́ tí ẹbí kò tíì jókòó, tí ẹnikẹ́ni kò san owó orí. Bí wọ́n bá gbé ìkọ̀sílẹ̀ lọ sí kóòtù ìbílẹ̀, àwọn adájọ́ á sọ fún wọn pé kò sí ìgbéyàwó tí àwọn fẹ́ tú. Ó máa ń dun obìnrin tó ti lo ọdún mẹ́wàá nílé ọkùnrin láti gbọ́ èyí, ó sì ń dun èmi náà tí mo ń sọ ọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ kò bá a lọ. Abala 42 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ torí bí wọ́n ṣe bí ènìyàn fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú.

Ohun kan tún wà tí mo máa ń tẹnu mọ́: kíkó ẹrù jáde kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀. Kò sí iye ọdún tí ẹ lè fi gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tó máa tú ìgbéyàwó òfin ká fúnra rẹ̀. Ní ti ìbílẹ̀, ẹbí méjèèjì lè jókòó, kí wọ́n dá owó orí padà níwájú àwọn àgbà, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àṣà gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó jókòó lónìí lè má sí láyé lọ́dún 15 sí i. Ìyàwó tí gbogbo ayé rò pé ó ti lọ á kàn yọ níbi ìsìnkú, á ní ìyàwó ilé lòun, ìjà ogún á sì bẹ̀rẹ̀ lórí òkú tí wọn kò tíì sin. Ẹ jẹ́ kí ó wà nínú ìwé kóòtù. Àwọn kan á sì bi mí pé, "Àwọn òbí mi dá owó orí padà lọ́jọ́ ìdána, wọ́n ní àwọn kì í ta ọmọ, ṣé a fẹ́ra báyìí?" Ẹ fẹ́ra. Wọ́n ti gbà á kí wọ́n tó fi ta yín lọ́rẹ.

Kóòtù ìbílẹ̀ kò nira. Ẹ máa bá akọ̀wé kóòtù, ẹ máa sọ ohun tí ẹ ń fẹ́, ẹ máa san owó díẹ̀, bélìfù á sì mú ìwé ìpẹ̀jọ́ lọ fún ẹnì kejì yín. Èdè Yorùbá lẹ lè fi rojọ́, ẹ kò sì nílò lọ́yà dandan. Ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bi yín ni bóyá àwọn àgbà ti dá sí i, wọ́n sì lè ní kí ẹ padà lọ sílé fún sáà díẹ̀ láti gbìyànjú sí i. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ, owó ìtọ́jú àti owó orí. Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò ní kóòtù Ṣàríà, torí náà kóòtù ìbílẹ̀ yìí ni àwọn Mùsùlùmí náà ń lọ bí wọ́n bá fẹ́ ìwé ìjọba lórí yìgì tó tú. Ẹni tí ìdájọ́ kò bá tẹ́ lọ́rùn lè gbé e lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ti Ìbílẹ̀ ní Àkúrẹ́.

Ilé-Ẹjọ́ Gíga le díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin Ẹjọ́ Ìgbéyàwó ti 1970 ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ìdí kan ṣoṣo ló sì gbà: pé ìgbéyàwó náà ti fọ́ kọjá àtúnṣe. Ẹ kò kàn ní sọ ọ́ lẹ́nu, ẹ máa fi ọ̀kan nínú àwọn nǹkan tí òfin kà sílẹ̀ hàn. Ó lè jẹ́ àgbèrè tí ara yín kò lè gbà, tàbí ìwà tí kò sẹ́ni tó yẹ kó máa fara dà á, bíi lílù. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kejì pa yín tì fún ọdún kan ó kéré tán. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún méjì tí ẹnì kejì kò sì ta ko ìkọ̀sílẹ̀, tàbí fún ọdún mẹ́ta, bó gbà bí kò gbà. Bí ìgbéyàwó kò bá tíì pé ọdún méjì, ẹ máa kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ kóòtù kí ẹ tó pẹjọ́, àyàfi fún àwọn ìdí bíi mélòó kan, àgbèrè wà lára wọn. Pé ẹ̀yin méjèèjì ti fẹnu kò pé kí ó parí kò tó. Ẹni tó pẹjọ́ ní láti búra kó sì fi ẹ̀rí hàn, bí ẹnì kejì kò tilẹ̀ yọjú. Bí adájọ́ bá gbà, àṣẹ tí yóò kọ́kọ́ pa ni àwọn lọ́yà ń pè ní decree nisi. Àṣẹ yẹn kò tíì jẹ́ òpin. Oṣù mẹ́ta gbọ́dọ̀ kọjá kí ó tó di decree absolute, tí ẹ fi lè fẹ́ ẹlòmíràn. Mo mọ ẹni tó ti dá ọjọ́ ìyàwó sínú oṣù mẹ́ta yẹn láìmọ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́ tí ẹnìkan fi bi í léèrè.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ló máa ń gbóná jù. Bàbá á ní, "Ọmọ mi ni, orúkọ mi ló ń jẹ́." Ìyá á ní, "Inú mi ló ti jáde." Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ, ṣùgbọ́n adájọ́ kò bi wọ́n ní ìyẹn. Ohun tí adájọ́ ń wá ni ibi tí nǹkan yóò ti dára jù fún ọmọ. Òfin Ẹjọ́ Ìgbéyàwó sọ bẹ́ẹ̀, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 sọ bẹ́ẹ̀, Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì sọ ọ́ di òfin tirẹ̀ ní 2007. A ti gbọ́ láti kékeré pé ilé bàbá ni ilé ọmọ, ọ̀pọ̀ ìyá ló sì ti fi ọmọ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹkún torí wọ́n gbà pé kò sí ohun tí àwọn lè ṣe sí i. Ní 1989, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Nàìjíríà gbọ́ ẹjọ́ tọkọtaya tí wọ́n fi àṣà fẹ́ra, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé bí àṣà bá tilẹ̀ gbé ọmọ fún bàbá, ire ọmọ náà ló ṣáájú. Nítorí náà, ìyá tó ń ka èyí, má fi ọmọ sílẹ̀ torí ẹnìkan sọ fún ọ pé àṣà ti gbà á.

Bàbá náà kò gbọdọ̀ rò pé òun ti pàdánù kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́, ọmọ ọwọ́ sábà máa ń wà lọ́dọ̀ ìyá, ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan. Wọ́n á wo ẹni tó ń jí ọmọ lówùúrọ̀, tó ń mú un lọ síléèwé, tó mọ oògùn tí ara rẹ̀ kì í gbà. Wọ́n á wo ilé tí olúkúlùkù ń gbé, ìwà rẹ̀, àti bóyá wọ́n máa ya ọmọ kúrò lára àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá. Bí ọmọ bá ti tó ẹni tó mọ ohun tó ń sọ, adájọ́ lè pè é sínú yàrá rẹ̀ kó bá a sọ̀rọ̀. Àìlówó ìyá nìkan kì í jẹ́ kí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, torí wọ́n lè ní kí bàbá máa san owó fún ìtọ́jú. Ẹni tí ọmọ kò bá gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣì ni òbí. Kóòtù á fún un ní ọjọ́ tí yóò máa rí i, ó lè jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ tàbí ìdajì ọlidé. Àṣẹ yìí kì í ṣe títí ayé. Bí nǹkan bá yí padà, ẹ lè padà sí kóòtù kí wọ́n tún un yẹ̀ wò.

Ohun tí mo bẹ yín ni pé kí ẹ má jí ọmọ gbé lẹ́nu ọ̀nà iléèwé. Mo ti rí ọmọ ọdún mẹ́fà tí wọ́n gbà lọ lọ́sàn-án gangan, tí wọ́n gbé lọ sí ìlú míì lọ́dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀, tó sì pàdánù ìdánwò sáà kan gbáko. Yàtọ̀ sí pé ó lòdì sí Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, ojú tí ọmọ yẹn fi ń wo ọkọ̀ tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ìgbà náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ó kan ọ̀rọ̀ owó. Owó ìtọ́jú ọmọ kì í ṣe ẹ̀bùn tí bàbá ń fún ìyá, kì í sì í ṣe owó tí ìyá fi ń gbẹ̀san. Abala 14 nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé sọ pé ọmọ fúnra rẹ̀ ló ní ẹ̀tọ́ pé kí àwọn òbí rẹ̀ máa bọ́ ọ bí agbára wọn bá ṣe tó, ó sì lè tọ kóòtù ìdílé lọ láti gbà á. Ọmọ ló ni owó náà. Bí ẹ bá ti gba èyí gbọ́, ìdajì ìjà ti parí. Bàbá kò lè torí pé wọn kò jẹ́ kí òun rí ọmọ kó dáwọ́ owó dúró, ìyá kò sì lè torí pé owó kò wọlé kó ti ìlẹ̀kùn mọ́ bàbá. Olúkúlùkù ní kí ó gbé tirẹ̀ lọ sí kóòtù. Bí bàbá bá sì ń ṣiyèméjì pé ọmọ náà kì í ṣe tòun, kóòtù ló lè pàṣẹ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Kó má kàn dá owó oúnjẹ dúró torí àhesọ.

Kò sí iye kan pàtó tí òfin gé pé bàbá gbọ́dọ̀ san. Adájọ́ máa ń wo ohun tó ń wọlé fún òbí méjèèjì àti ohun tí ọmọ nílò, torí náà ẹni tó bá mú ẹ̀rí wá ni yóò gbọ́. Ẹ kó rìsíìtì owó iléèwé, káàdì ọsibítù, iye oúnjẹ oṣù kan àti owó ilé dání. Bí bàbá bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ìwé owó oṣù rẹ̀ wà. Bó bá jẹ́ mẹkáníìkì, awakọ̀ tàbí oníkòkó ní Ìdànrè, ẹ mú ẹlẹ́rìí tó mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ àti oko rẹ̀ wá. Bí ìgbà bá sì ti le fún bàbá lóòótọ́, kó fi ẹ̀rí hàn, kó má sá. Nígbà tí ẹjọ́ bá ṣì ń lọ lọ́wọ́, ẹ lè bẹ kóòtù pé kí ó pàṣẹ owó tí wọ́n á máa san títí ẹjọ́ yóò fi parí. Ìyá púpọ̀ kò mọ èyí, wọ́n sì máa ń jẹ gbèsè kiri ọjà. Ẹ jẹ́ kí owó máa gba báǹkì kọjá, kí ẹ kọ ohun tó wà fún sí i. Èyí ń dáàbò bo bàbá tó ń san àti ìyá tí wọn kò san fún. Ẹni tó bá kọ̀ láti san, ẹ padà sí kóòtù tó pàṣẹ. Wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù rẹ̀ tàbí owó rẹ̀ ní báǹkì.

Ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ lọ sí Wẹ́fíà, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdílé. Ó dára, mo fara mọ́ ọn, torí wọ́n lè pe bàbá kí ẹ sì fọwọ́ sí àdéhùn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n àdéhùn Wẹ́fíà kò tíì di àṣẹ kóòtù, kò sì lè tú ìgbéyàwó. Ọlọ́pàá náà kò lè tú ìgbéyàwó.

Tí ó bá jẹ́ pé wọ́n ń lù yín, gbogbo ètò tí mo ti ń sọ yìí lè dúró. Ẹ kọ́kọ́ jáde. Ẹ lọ sí ọsibítù kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, kí ẹ sì lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní òfin tó dojú kọ ìwà ipá sí ènìyàn láti 2021, kóòtù sì lè pàṣẹ pé kí ẹni tó ń lù yín má ṣe sún mọ́ yín. Kì í ṣe dandan kí ẹ ti kọ ọ sílẹ̀ kí ẹ tó gba àṣẹ yẹn.

Ní ti dúkìá, ẹ̀rí ló ń sọ̀rọ̀. Obìnrin tó bá ọkọ ra búlọ́ọ̀kù, tó bá a ro oko kòkó fún ogún ọdún, ní láti fi hàn ohun tó fi sí i. Ilé-Ẹjọ́ Gíga lè pín dúkìá fún ire tọkọtaya àti àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe àròsọ ló fi ń pín in. Ẹ tọ́jú rìsíìtì yín nígbà tí ilé ṣì tòrò. Ẹni tí kò lágbára láti gba lọ́yà lè lọ bá Legal Aid Council tàbí àwọn obìnrin agbẹjọ́rò FIDA. Wọ́n wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Obìnrin tó fi ọ̀rá wé ìwé yẹn lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga. Ọdún mẹ́sàn-án tí wọn kò ti gbé pọ̀, tí kò lè tú ìgbéyàwó náà fúnra rẹ̀, wá di ẹ̀rí tó fi gba ìtúsílẹ̀. Ó ti ju ọdún mẹ́ta lọ, ọkọ àkọ́kọ́ kò sì rí ohun tó fẹ́ fi dí i lọ́wọ́. Adájọ́ pa àṣẹ tuntun lórí ọmọ wọn kan tó kù nílé, torí ti kóòtù ìbílẹ̀ kò múlẹ̀ rí. Oṣù mẹ́ta pé, ó lọ gba decree absolute rẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù, ó sì ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún ìyá rẹ̀ ní Òkè-Àró, ọ̀kan fún ọkùnrin tó ti ń dúró dè é.